Kíláàsì Mélòó Ló Tó? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Olùkàwé Lórí Eré Ìtàn Orí Tábìlì

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé sí wa lórí eré ìtàn orí tábìlì, ọ̀pọ̀ ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn iye kíláàsì tí ènìyàn lè yan ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sí. Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì jókòó sídìí irú eré yìí rí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: àwọn ọ̀tayò bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò pagbo yí tábìlì ká, ẹnì kan nínú wọn ni olùdarí eré, tí yóò máa ròyìn ìlú, igbó, ihò àti ohun abẹ̀mí tó wà níbẹ̀, àwọn yòókù yóò sì di ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan mú, wọn yóò máa sọ ohun tí ẹ̀dá wọn ń ṣe. Níbi tí iyèméjì bá wà, dáìsì ni yóò dájọ́. Kíláàsì ni iṣẹ́ tí ẹ̀dá ìtàn náà mọ̀: jagunjagun ni o, àbí onídán, àlùfáà tàbí olè. Òun ló ń sọ irú ohun ìjà tí ẹ̀dá náà lè lò, irú ẹ̀wù ogun tí ó lè wọ̀, àti bóyá idán wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: *Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London fi ìwé Dungeons & Dragons ti ọdún 2024 ránṣẹ́ sí mi. Mo ka kíláàsì 12 nínú rẹ̀, mo sì ka ẹ̀ka 48 lábẹ́ wọn, ìyẹn onírúurú ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ṣe iṣẹ́ kíláàsì kan. Wọ́n sọ fún mi pé mẹ́ta péré ni kíláàsì nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Kí ló sọ mẹ́ta di 12? Ṣé èyí tó pọ̀ ló dára ni, àbí èyí tó kéré? — Olùkàwé yín, Ìbàdàn.*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Lọ́dún 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde láti Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà nínú páálí rẹ̀, kíláàsì mẹ́ta ló sì wà nínú àwọn ìwé náà: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Jagunjagun àti onídán kò yani lẹ́nu, nítorí inú eré ogun tí wọ́n ń fi ọmọlangidi ológun ṣe lórí tábìlì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, àwọn méjèèjì sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ti àlùfáà ló ní ìtàn. Nínú eré tí Arneson ń darí ní Minnesota kí ìwé tó jáde, ọ̀tayò kan wà tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ di òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, wọ́n ń pè é ní Sir Fang. Agbára rẹ̀ wá kọjá ohun tí àwọn yòókù lè kojú, ni wọ́n bá dá ẹnì kan sílẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ká a, ìyẹn ẹni Ọlọ́run tí yóò gbé àmì ẹ̀sìn rẹ̀ sókè tí òkú yóò sì sá. Ìṣòro kan lórí tábìlì kan ló bí kíláàsì yẹn, bó sì ṣe yẹ kí kíláàsì máa wáyé nìyẹn lójú tèmi.

Olè ló tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀tayò kan ní California ló ti ń lò ó nínú eré tiwọn, èrò náà dé etí Gygax lórí fóònù, ó sì wọ ìwé àfikún tí wọ́n pè ní Greyhawk lọ́dún 1975. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí olè yìí, nítorí òun ló là mí lójú sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bèèrè.

Kí olè tó dé, kò sí ẹ̀dá ìtàn tí kì í yọ́ rìn. Bí ẹ bá sọ fún olùdarí pé jagunjagun yín ti bọ́ bàtà, ó sì ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ti sùn lọ, olùdarí yóò rò ó wò, yóò sì dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé kọ ọ́ sílẹ̀ pé olè ni ó mọ yíyọ́ rìn, tí ó sì kọ iye tí ó mọ̀ ọ́n tó nínú ọgọ́rùn-ún sí iwájú orúkọ rẹ̀, ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀ wá dà bí ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ní ẹ̀tọ́ sí. Ibi tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ náà lé lọ́wọ́ kò rí i lò. Nínú ìwé Basic ti ọdún 1981, ìyẹn ẹ̀dà eré yìí fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀, olè tó wà ní ìpele kìíní, ìyẹn èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní àǹfààní 15 péré nínú 100 láti ṣí àgádágodo, àti 10 nínú 100 láti fi ara pamọ́ sínú òjìji. Àwọn yòókù dúró sẹ́yìn nítorí wọ́n ní iṣẹ́ olè ni, olè fúnra rẹ̀ gbìyànjú nígbà 100, ó sì kùnà nígbà 85.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi kíláàsì tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe àfikún nìkan ni wọ́n ṣe. Ọgbà ni wọ́n yí ká iṣẹ́ kan, ẹni tó bá wà lẹ́yìn ọgbà náà yóò sì máa rò pé òun kò gbọ́dọ̀ wọlé. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá kíláàsì ti pọ̀ jù, ká má ka orúkọ, ọgbà ni ká kà.

Lẹ́yìn olè, ọgbà ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Jagunjagun ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní paladin wọlé pẹ̀lú olè nínú ìwé kan náà. Kí ọdún 1976 tó parí, apànìyàn, ọdẹ, akéwì, onídán tí ń fi ojú tan ènìyàn, ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí ń fi ọwọ́ òfìfo jà, àti druid, ìyẹn àlùfáà igbó, ti dé. Ìwé Advanced Dungeons & Dragons ti ọdún 1978 ní kíláàsì mẹ́wàá, ó sì tún fi akéwì sí ẹ̀yìn ìwé. Lọ́dún 1989, wọ́n yọ apànìyàn àti ajẹ́jẹ̀ẹ́ kúrò, wọ́n sì kó àwọn tó kù sábẹ́ agboolé mẹ́rin. Lọ́dún 2000 tí ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast gbé ẹ̀dà kẹta jáde, kíláàsì jẹ́ 11.

Ẹ̀dà kẹrin ti ọdún 2008 ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ojúkorojú ni àwọn tó kọ ọ́ fi sọ ọ́ pé, bí orúkọ ti wù kó pọ̀ tó, iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lójú ogun: ẹni tó dúró níwájú tó ń gba ìyà, ẹni tí lílù rẹ̀ ń dun ọ̀tá jù, ẹni tó ń ki àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láyà tó sì ń wo ọgbẹ́ wọn, àti ẹni tó ń darí ibi tí ọ̀tá lè gbà. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì mẹ́jọ, wọ́n fi mẹ́jọ mìíràn kún un lọ́dún 2009, wọ́n tún fi mẹ́fà sí i lọ́dún 2010, ó di 22 nínú ìwé mẹ́ta. Bí iṣẹ́ mẹ́rin bá ní ènìyàn 22 nídìí rẹ̀, dandan ni kí àwọn kan jọ ara wọn bí ìbejì.

Ẹ̀dà karùn-ún ti ọdún 2014 ló dín in kù sí 12, iye yẹn náà ló sì wà nínú ìwé tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́. Ẹ bi mí bóyá ó pọ̀ jù. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ pé ó pọ̀ jù díẹ̀, mo sì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó ti pọ̀ jù. Nínú àwọn 12 yìí, onídán mẹ́ta ló wà níbẹ̀: wizard tó kọ́ idán láti inú ìwé, sorcerer tí wọ́n bí idán mọ́, àti warlock tó bá ẹ̀mí àìrí mulẹ̀. Lọ́dún 2000 tí sorcerer kọ́kọ́ wọlé, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn kedere: wizard gbọ́dọ̀ pinnu láàárọ̀ irú idán tí yóò pa lọ́jọ́ náà àti iye ìgbà tí yóò pa á, ṣùgbọ́n sorcerer ń pa èyí tó bá wù ú nínú ìwọ̀nba tí ó mọ̀. Lọ́dún 2014, wọ́n tú okùn yẹn kúrò lọ́rùn wizard, òun náà sì ń pààrọ̀ bó ṣe wù ú nínú àwọn tí ó ti múra sílẹ̀. Ọgbà tó wà láàárín àwọn méjèèjì wó, ni wọ́n bá ní láti wá nǹkan mìíràn fún sorcerer, ìyẹn agbára láti fa idán gùn, láti sọ ọ́ di méjì, tàbí láti pa á láìlahùn. Ti warlock kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè tó ní láti pa idán kò ju bíi méjì lọ fún ìgbà pípẹ́ nínú eré, ṣùgbọ́n bó bá sinmi fún wákàtí kan, wọ́n á padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá di warlock mú yóò máa bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ jókòó sinmi, ẹni tó ni wizard kò sì ní kánjú, àríyànjiyàn á bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, eré á sì dùn. Kíláàsì tó yẹ ká ní nìyẹn.

Ìbéèrè: *Mo ń darí eré fún àwọn ọmọ bí ọdún 13 sí 15 ní ìlà-oòrùn gúúsù London, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Yíyan kíláàsì nìkan máa ń gbà wá ní ọ̀sán odidi, àwọn kan kì í sì í padà wá. Ṣé kí n dín in kù ni? — Ìyá ọlọ́mọ méjì.*

Ìdáhùn: Ẹ dín in kù, mà. Ẹ dín in kù kí ẹ tó tún jókòó.

Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá sídìí eré wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo gbé ìwé lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ayọ̀, mo rò pé oore ni mo ṣe é. Nígbà tí ìṣẹ́jú 40 fi kọjá, ìka rẹ̀ mẹ́ta wà láàárín ojú ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti fi ẹnu jẹ ẹ̀yìn pẹ́ńsù rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló sì wà lórí bébà rẹ̀. Ó wá rọra bi mí pé, “Bí mo bá mú èyí, ṣé mi ò ní lè ṣe ìyẹn mọ́?” Kì í ṣe pé kò rí ohun tó wù ú. Ohun tí òun yóò pàdánù ló ń kà. Mo gba ìwé náà padà, mo pa á dé, mo ní, “Ẹ̀dá ìtàn rẹ dé iwájú ilé kan lóru, ilẹ̀kùn tì pa, iná wà nínú ilé. Kí ló máa ṣe?” Kò rò ó rárá. Ó ní, “Á kan ilẹ̀kùn, á kí wọn, á sì bèèrè bóyá wọ́n ti jẹun.” Akéwì ni mo kọ sórí bébà rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ eré.

Ìbéèrè ilẹ̀kùn yẹn ni kí ẹ máa lò. Ọmọ tó bá ní òun yóò gbá a wọlé, jagunjagun ni. Èyí tó bá ní òun yóò wo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dáadáa, olè ni. Èyí tó bá fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, onídán ni. Ẹ kó bébà ẹ̀dá ìtàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ ti kọ tán dání wá sídìí eré, kí ẹ sì fi ìwé ńlá sílẹ̀ nínú àpò títí ọmọ kan yóò fi bèèrè rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ ìwé náà ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Nínú ìwé ọdún 2014, ẹ̀ka 40 ló wà lábẹ́ kíláàsì 12, àlùfáà nìkan ní méje, wizard ní mẹ́jọ. Àlùfáà, sorcerer àti warlock gbọ́dọ̀ yan ẹ̀ka wọn ní ìpele kìíní gan-an, kí ẹ̀dá ìtàn tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ìwé ọdún 2024 sọ pé ó di ìpele kẹta kí ẹnikẹ́ni tó yan ẹ̀ka. Ẹ̀ka pọ̀ sí i, láti 40 dé 48, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ rò lọ́jọ́ kìíní dínkù. Fún èmi, ìgbà tí wọ́n ní kí ènìyàn yàn ṣe pàtàkì ju iye ohun tó fẹ́ yàn lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ eré tó fúnra rẹ̀ mọ níwọ̀n, Shadowdark tó jáde lọ́dún 2023 ní kíláàsì mẹ́rin nínú ìwé rẹ̀: jagunjagun, àlùfáà, olè, onídán. Dáìsì ló sì ń yan ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀bùn wọn bí wọ́n ti ń gòkè ìpele, èyí tó ń gba ìnira ìpinnu kúrò lọ́rùn ọmọ.

Ìbéèrè: *Ǹjẹ́ eré irú èyí wà tí kò ní kíláàsì rárá? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀.*

Ìdáhùn: Ó wà, ó sì ti pẹ́. RuneQuest jáde lọ́dún 1978, kò sì yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ̀dá ìtàn bá lò dáadáa nínú eré ni wọn yóò sàmì sí, lẹ́yìn náà ni dáìsì yóò sọ bóyá ó ti mọ̀ ọ́n sí i. Ẹni tó ń lo ọ̀kọ̀ lójoojúmọ́ yóò di ọ̀gá nídìí ọ̀kọ̀, bí àlùfáà tilẹ̀ ni. Warhammer Fantasy Roleplay ti ọdún 1986 gba ọ̀nà mìíràn: iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ìlú ń ṣe ló lò, ó kéré dé orí apekúté tó ń fa ajá kékeré rẹ̀ tó rorò kiri, ẹ̀dà ọdún 2018 sì ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ 64. Iye yẹn kò dẹ́rù bani, nítorí ènìyàn lè fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ gba òmíràn bí a ti ń ṣe láyé.

Ìbéèrè: *Mo fẹ́ kọ kíláàsì tuntun fún ẹgbẹ́ wa, kí ó jẹ́ ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rẹ́ mi ní ranger ti wà nínú ìwé, pé ọdẹ náà ni, kí n má da ara mi láàmú. Ta ni ó jàre? — Abẹ́òkúta.*

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ọdẹ jẹ́ tiwa nìkan.

Ẹ wo ohun tí ọdẹ jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó ń yìnbọn, ó ń tọ ipasẹ̀ ẹran, ó mọ ewé, ó mọ ọfọ̀, ó ń ṣọ́ ìlú lóru, Ògún ló ń bọ, ó sì ń sun ìjálá. Ìwé Dungeons & Dragons ti pín gbogbo èyí káàkiri: ìjà wà lọ́wọ́ jagunjagun, títọ ipasẹ̀ wà lọ́wọ́ ranger, ewé wà lọ́wọ́ druid, ohùn wà lọ́wọ́ akéwì, ìbọ wà lọ́wọ́ àlùfáà. Ohun tí wọ́n pín fún ènìyàn márùn-ún, àpò ọdẹ kan ló gbà á. Bí ẹ bá ní ranger yín ti tó, ẹ ti fi idà gé mẹ́rin nínú márùn-ún kúrò lára rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá kó márààrún fún un, àwọn yòókù tó wà nídìí tábìlì kò ní rí nǹkan ṣe mọ́, ọgbà tí mo sọ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́ yóò sì gba gbogbo oko.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú ẹyọ ohun kan tí kò sí lọ́wọ́ kíláàsì kankan, kí ẹ kọ́ ọdẹ yín lé e. Lójú tèmi, ohun náà ni oríkì. Ìjálá kún fún oríkì ẹranko, ti erin, ti ẹfọ̀n, àti ti igi àti ènìyàn pẹ̀lú, ẹni tó bá sì mọ oríkì ẹ̀dá kan mọ ìwà rẹ̀, ibi tó ń sùn àti ohun tó ń bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí ọdẹ yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríkì ẹ̀dá mẹ́ta péré. Bó bá pàdé ohun abẹ̀mí tí kò mọ̀, kó ní láti fara balẹ̀ wò ó, kó wá àgbà tó mọ̀ ọ́n rí, tàbí kó sá fún un lẹ́ẹ̀kan kó tó padà wá. Nígbà tó bá mọ oríkì náà, ọ̀tayò yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kì í lórí tábìlì, ìlà méjì tó, ohun abẹ̀mí náà yóò sì dúró gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí gbogbo ẹgbẹ́ rí ibi tó ti lè fara gbọgbẹ́. Ẹ fi èèwọ̀ kan sí i fún oríkì kọ̀ọ̀kan tó bá kọ́: ẹran kan tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, ọjọ́ kan tí kò gbọ́dọ̀ yọ ọ̀bẹ. Èyí ni yóò jẹ́ kí agbára rẹ̀ ní iye.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ síbì kankan nínú rẹ̀ pé ọdẹ nìkan ló lè tọ ipasẹ̀ ẹran tàbí kó mọ ewé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ máa gbìyànjú rẹ̀. Ẹ fi ọdẹ yín àti ranger ọ̀rẹ́ yín sí ẹgbẹ́ kan náà fún ìjókòó mẹ́ta, kí ẹ máa ṣọ́ ìgbà tí ọ̀rẹ́ yín bá ká ọwọ́ gbera tó ní “iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.” Ibi tó bá ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti gé nínú ohun tí ẹ kọ.